Fọ́tò Kẹrìnlá

Bàbá Onípáálí ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá mi ní ilé ìkàwé, torí àárín páálí ló ti lo ọgbọ̀n ọdún. Òun ló ń tọ́jú yàrá ìwé àtijọ́: lẹ́tà tí eku ti jẹ létí, máàpù, fọ́tò àwọn tó ti kú tipẹ́. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni mu tíì níbẹ̀. Èmi igbákejì rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń mu tèmi bí olè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá a tó káwọ́ lérí. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ti já sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́ wà níwájú rẹ̀.

“Wá bá mi wò ó. Àbí ojú mi ni?”

Ohun tí ìwé náà sọ ni pé: fọ́tò kẹrìnlá, nọ́ọ̀sì tó dúró. Fọ́tò kẹẹ̀ẹ́dógún, nọ́ọ̀sì tó jókòó. Mo yí fọ́tò méjèèjì dà: ẹ̀yìn ẹni tó jókòó ni nọ́ńbà kẹrìnlá wà, kẹẹ̀ẹ́dógún wà lẹ́yìn ẹni tó dúró. Ọwọ́ bàbá ló sì kọ nọ́ńbà méjèèjì.

Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó pẹ́ kó tó rántí ọdún tí páìpù bẹ́. Omi fọ nọ́ńbà ẹ̀yìn fọ́tò nù. Nígbà tí àwọn fọ́tò gbẹ, ó tún nọ́ńbà wọn kọ láìwo ìwé kankan, torí ó dá ara rẹ̀ lójú. Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí n mu tíì! Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí.

Obìnrin aránṣọ kan wà ládùúgbò, ọmọ oṣù mẹ́ta ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kú. Lẹ́tà ilé ìwòsàn sọ pé ìyá náà ló wà nínú fọ́tò kẹrìnlá. Lọ́dún méje sẹ́yìn, bàbá fún un ní ẹ̀dà èyí tó jókòó. Obìnrin náà gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń kí i láràárọ̀.

“Ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n panu mọ́?” bàbá bi mí. “Orí mi ti dàrú.”

Tèmi náà ti dàrú. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbé fọ́tò tó dúró, a lọ.

Aránṣọ náà gbọ́ ọ tán láì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó wo fọ́tò náà, ó wo ògiri, ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀.

“Bàbá, ta wá ni ti ara ògiri yìí?”

“Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan.”

Aránṣọ náà wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún nígbà tí ọmọ mi bímọ,” ó ní. “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi sọ fún un pé kì í ṣe òun?”

Bàbá ṣí fìlà, ó kọjú sí fọ́tò ara ògiri, ó sì kí i.