Bí Yẹ̀kínì Fọkanáísà Ṣe Fẹ́ Èémí Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì ni Yẹ̀kínì, Bẹẹrẹ ló sì ti ń lẹ táyà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tán nínú táyà rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yẹ̀kínì fúnra rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kì í tó. Ikọ́ fée ló ń bá a jà, èyí tó le, tí ínhélà tó ń fín sẹ́nu àti oògùn oníhóró kò ká mọ́. Òórùn gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ túbù a máa há a láyà títí ètè rẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀, Kúlúsúmù, fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn sọ pé:

"Bàbá Karimat, bí ẹ ò bá rí nǹkan ṣe sí àyà yìí kí ààwẹ̀ tó wọlé, ẹ máa kó irinṣẹ́ yín wálé. Èmi ò ní torí táyà di opó."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn Yẹ̀kínì nígbà tó gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan ń wá àwọn oníkọ́ fée tí yóò yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí abẹ́rẹ́ tuntun. Nọ́ọ̀sì Waliyat, tó ń bójú tó ìwádìí náà, là á yé e. Àwọn kan yóò gba oògùn, àwọn kan yóò gba omi iyọ̀ lásán. Òun tó ń gún abẹ́rẹ́ pàápàá kò ní mọ èwo ni èwo. Ẹni tó bá sú lè kúrò nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikọ́ rẹ̀ le gan-an nìkan ni wọ́n ń gbà, ẹ̀rọ kan tí ènìyàn ń fẹ́ èémí sí ni yóò sì sọ ọ́.

"Ẹ má fín ínhélà láàárọ̀ ọjọ́ náà o, Bàbá. Àfi bí àyà bá há yín lóòótọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fín in, kí ẹ sì sọ fún wa."

Yẹ̀kínì ní òun gbọ́.

Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni Gabriel. Awakọ̀ takisí ni, ará Òkè-Àdó, oníbàárà Yẹ̀kínì àti ẹgbẹ́ rẹ̀, oníkọ́ fée bíi tirẹ̀. Nígbà tí Yẹ̀kínì àti Kúlúsúmù dé yàrá àyẹ̀wò, òun ni wọ́n bá lórí bẹ́ńṣì.

"Yẹ̀kínì! Ìwọ náà wá fẹ́ ẹ̀rọ? Ìwọ tí ò lè fẹ́ tíì gbígbóná?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ìwọ tí àyà ẹ ń dún ju ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ lọ?"

Gabriel ló kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ènìyàn wà nídìí òun. Yẹ̀kínì wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Nígbà tó padà dé, ó ti fìlà sẹ́yìn, ó sì fẹ́ èémí bí ẹni tó fẹ́ pa iná ilé tó ń jó.

"O rí i?" ó bi Gabriel.

"Bàbá, èémí yín dára," Waliyat wí. "Ó tiẹ̀ dára jù. A ò lè gbà yín. Bàbá Gabriel la gbà."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Yẹ̀kínì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e.

"Nọ́ọ̀sì," Kúlúsúmù dá sí i, "ẹ bá mi bi í, kí ló lọ ṣe nílé ìtọ̀?"

"Mo lọ tọ̀ ni."

"Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ìtọ̀ ló ń dún fìì, fìì?"

Gabriel rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Yẹ̀kínì tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ibo ni wọ́n ti ń gba ẹni tó fìdí rẹmi?"

"Ibí ni, Bàbá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lójú ẹ̀rọ là ń gbà."

Dókítà tó ni ìwádìí náà gbà kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Gabriel ń wá sí Bẹẹrẹ wá fi afẹ́fẹ́ sí táyà tó ti kún, kí ó kàn lè rí i kí pé, "Alágbára èémí, ẹ kú iṣẹ́ o."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Kúlúsúmù so ínhélà mọ́ etí ìró rẹ̀. "Bó bá jẹ́ àyà ló há yín, màá fún yín lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtìjú, ẹ gbé e mì."

Yẹ̀kínì fẹ́ èémí lójú gbogbo wọn. Àyà rẹ̀ ń súfèé. Ìlà ojú ẹ̀rọ wọ́ díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Gabriel, tó wá gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, sún lórí bẹ́ńṣì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ráyè jókòó. Waliyat wá fín oògùn sí Yẹ̀kínì lẹ́nu, wọ́n dúró díẹ̀, ó tún fẹ́ ẹ. Ìlà gòkè.

"Ohun tí à ń wá nìyẹn. Kó kọ́kọ́ wálẹ̀, kí oògùn wá gbé e sókè. A ti gbà yín."

"Apá kejì wà? Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Mo sọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀yin àti Bàbá Gabriel lẹ̀ ń bú ara yín lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ lọ sílé ìtọ̀ ni wọ́n ṣe tiwọn."

Kúlúsúmù ní irinṣẹ́ lè ṣì wà ní Bẹẹrẹ títí ìwádìí yóò fi parí, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni yóò máa fi gọ́ọ̀mù sí túbù. Yẹ̀kínì kò jiyàn.

"Tí tiwa bá lọ jẹ́ omi iyọ̀ ńkọ́?" Gabriel bi í ní ohùn kẹ́lẹ́.

"Wọn ó fi wá mọ̀ bóyá oògùn yẹn sàn ju omi lọ. Ikọ́ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lórí wa, Gabriel. Àwọn ọmọ kéékèèké náà ń wú u."

Ó ká apá bùbá sókè. Bó ti rí abẹ́rẹ́, ó ní kí Gabriel kọ́kọ́ kọjú sí ògiri.

"Bàbá Gabriel," Kúlúsúmù wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú padà, ẹ máa wò ó."