Kòlẹ́sẹ̀ Lára Ìbọn

Igi ìbọn tí Fọlákẹ́ Olúsànmí gbà lọ́wọ́ Mary, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti là láti ìdí dé àárín. Òjò ńlá kan ló rọ̀ lọ́dún kan, tí omi wọ ìsàlẹ̀ ilé Mary ní Williamsbridge, ó sì bá ìbọn náà nínú àpótí tí wọ́n tì í mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa rántí rẹ̀, irin ti dípẹtà, igi ti wú, ó sì ti sán.

Ìbọn ọkọ Mary ni, ọkọ Mary sì ti kú. Kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Ìbọn tí wọ́n fi ń ta àmì ni, ọta rẹ̀ kò ju ẹ̀wà lọ, bébà tí wọ́n ya òbìrí sí ni wọ́n ń yìn ín sí nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn ní Bronx. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kọ́ Fọlákẹ́ ní ìbọn yíyìn. Nọ́ọ̀sì ni Fọlákẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé ìwòsàn kan náà ni òun àti Mary ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ó máa ń sọ pé ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ké sí òun ni gbọ̀ngàn yẹn. Ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn ń pè é. Nílé, ọmọ ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ ń pè é. Ṣùgbọ́n tó bá ti dùbúlẹ̀ lórí ẹní, tó gbé ìbọn léjìká, òun àti èémí rẹ̀ nìkan ló kù.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ló ń wé gèlè, ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá kọ̀, kò gòkè mọ́. Ó mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Akínwùmí, ọkọ rẹ̀, pe áńbúláǹsì. Wọ́n tètè dé, ó sì yè é. Nígbà tó padà sílé wọn ní Co-op City, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún náà lè di nǹkan mú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń tú u sílẹ̀.

Ìgbà náà ni gbogbo ayé wá di olùtọ́jú rẹ̀. Doyin, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ra àga tí wọ́n ń fi wẹ̀, ó ra ọ̀pá ìtilẹ̀, ó ra bàtà tí kò ní okùn. Akínwùmí kò jẹ́ kó gbé ìkòkò mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. Sharon, tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ìyìnbọn, náà fi ìfẹ́ pè é. Ó ní kó máa bọ̀, wọn yóò fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, yóò máa bá wọn ka àmì.

Fọlákẹ́ dúpẹ́, ó sì sọ fún Sharon pé òun kò wá ibi tí òun yóò jókòó sí. Ó ní ejìká òsì òun kò ṣàìsàn.

Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó fi ọwọ́ òsì yin ìbọn ẹgbẹ́. Ọta kankan kò kan bébà. Igi ìbọn náà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé wà ní ìhà kejì, ó sì ń ta á lẹ́nu. Nígbà tí Mary gbọ́, ó ní ìbọn ọkọ òun wà nílẹ̀, ó ti bàjẹ́, bí ó bá wù ú kó gé e bó ṣe fẹ́.

Wọ́n gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ títí ìbọn náà fi di ti Fọlákẹ́ lójú ọlọ́pàá. Irin rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn nínú àpótí tí wọ́n ń tì. Ibẹ̀ ló ti ń fi epo ha ìpẹtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igi nìkan ló gbé wálé, nínú àpò tó so kọ́ ọrùn, lórí bọ́ọ̀sì Gun Hill Road.

Ojú Akínwùmí kò gbà á. Ó ní obìnrin tí Ọlọ́run yọ nínú ikú, ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá, kì í ṣe kó jókòó sí bálíkónì máa fi sanpépà ha igi. Doyin náà pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n mú ayùn. Fọlákẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó sán pọ̀, ó fi okùn dì í pinpin. Ó gé ìhà kan kúrò, ó lẹ igi tuntun mọ́ ìhà kejì, ó ń ha á, ó ń gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tún ń ha á. Ìgbà mìíràn ọwọ́ ọ̀tún á tú u sílẹ̀, igi á sì ṣubú. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé e.

Lọ́jọ́ kan tí igi náà ṣubú bẹ́ẹ̀, Akínwùmí dìde láti gbé e fún un. Fọlákẹ́ ní kó fi í sílẹ̀.

“Fọlákẹ́,” ọkùnrin náà wí, “ta lò ń bá jà?”

“N kò bá ẹnikẹ́ni jà, Bàbá Doyin. Ọwọ́ mi ló kú díẹ̀. Èmi ò kú. Ẹ má máa ṣọ̀fọ̀ mi lójú mi.”

Akínwùmí padà jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ nípa igi náà mọ́.

Ọ̀dà ló wá kù. Pupa rodo ni Fọlákẹ́ fẹ́, torí pé gbogbo ohun tí wọ́n ń rà fún un láti ọjọ́ tó ti ṣàìsàn ló ní àwọ̀ eérú. Sharon ló sọ fún un pé òfin ìlú yìí kò fẹ́ ìbọn tí yóò jọ ohun ìṣeré, pé kó dúró sórí dúdú tàbí fàdákà. Ó tún ní, bí wọ́n bá bi òun, òun kì bá tilẹ̀ kùn ún rárá, kí wọ́n lè máa rí ẹwà igi àtijọ́ náà. Fọlákẹ́ ní ẹwà rẹ̀ ti bá omi lọ.

Ó rò ó títí. Kó tó di nọ́ọ̀sì, irun ló ń dì ní ìyẹ̀wù ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Irun kì í ṣe pupa, dúdú ni, awọ orí ló sì máa ń hàn bí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín rẹ̀. Ó gbé igi náà lọ sí àgbàlá Mary, ó kùn ún ní àwọ̀ fàdákà, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó wá ya téèpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ òsì lẹ̀ ẹ́ láti iwájú lọ sí ìdí, bí ẹni ń la irun. Ó fín ọ̀dà dúdú lé e. Nígbà tó ṣí téèpù kúrò, kòlẹ́sẹ̀ ló jókòó sára igi, gbogbo rẹ̀ wọ́ lọ sẹ́yìn, ó pàdé ní ìpàkọ́. Ìlà méjì wọ́ díẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọ̀tún kò ti lè di igi mú dáadáa. Kò tún un ṣe.

Mary bi í pé kí ni wọ́n ń pe irun náà.

“Kòlẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀,” ni Fọlákẹ́ wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí Mary fi gbà á mú kó má baà ṣubú.

Ó wọ ìdíje ẹgbẹ́ náà nígbà ìrúwé. Wọ́n fẹ́ fi í sí ọ̀wọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ó ní kí wọ́n fi òun sáàárín àwọn tí òun ti ń bá yìnbọn tẹ́lẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Ó fi okùn awọ tó wà lára ìbọn di apá ọ̀tún mọ́ ọn, kí egungun lè gbé ohun tí iṣan kò lè gbé mọ́. Láàárín ọta kan sí èkejì, ó ń na ọwọ́ òsì kọjá lórí ìbọn láti fa irin ìhà kejì tó ń ti ọta wọlé, ó sì ń pẹ́. Àwọn kan ti dìde, wọ́n ń nu ìbọn wọn, òun ṣì wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó tó. Bóyá wọ́n mọ ohun tí yóò fi dá wọn lóhùn.

Gbogbo ọta rẹ̀ kan bébà. Ẹni kan péré ló gbẹ́yìn rẹ̀ nínú ìdíje náà, ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Sharon wá kí i, ó wo igi ìbọn náà, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀, ó ní ó dára ju bí òun ṣe rò lọ. Fọlákẹ́ ní òun mọ̀. Ó wá ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún ìdíje ìgbà ooru.

Akínwùmí kò tíì wọ gbọ̀ngàn náà títí di òní. Òun ló ń wa ọkọ̀ gbé e lọ, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà, á sì jókòó sínú ọkọ̀ máa gbọ́ rédíò. Ó ní ariwo ìbọn kò bá òun lára mu. Fọlákẹ́ ní kó máa gbọ́ rédíò rẹ̀, òun ń bọ̀, kó má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá ran òun lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn.