Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jókòó Tì

"Ta ló jókòó ti igi yìí lánàá?"

Ìbéèrè tí bàbá tó kọ́ Ìyá Igbó níṣẹ́ bi í nìyẹn, níwájú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀. 

Àárín ìgboro ni igbó tí Ìyá Igbó ń ṣọ́ wà, ilé yí i ká, ṣùgbọ́n ìlú ló wá bá a níbẹ̀. Yàrà tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sí ẹ̀bá rẹ̀ ò tíì dí, ojú kòtò tí wọ́n ti ń sun èédú náà ò tíì parẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi ṣọ́ ọ. Òfin tí bàbá fi lé e lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: bí igi bá ti ní ihò, kí aṣọ́gbó fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan jókòó sídìí rẹ̀, kó wo ohun tí yóò jáde, kó tó buwọ́ lùwé pé kí wọ́n gé e.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀fọn nìkan ló jáde ńkọ́, bàbá?"

"Á jẹ́ pé ẹ̀fọn ló nilé. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Lọ́dún tí wọ́n gé igi náà, òwìwí méjì péré ló ṣẹ́ kù nínú igbó, akọ kan, abo kan. Ìyá Igbó wá ìtẹ́ wọn títí, kò rí i. Igi ńlá ẹ̀bá ọ̀nà ti ń gbẹ, ẹ̀ka rẹ̀ sì ti já sínú ọgbà ilé-ìwé. Ó di dandan kí wọ́n gé e. Ọdún mẹ́ta léraléra ló ti jókòó tì í, àdán kan kò jáde níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ tó yẹ kó tún lọ, òjò ń rọ̀, orúnkún ń ro ó. Ó ní òun mọ igi náà bí ẹní mowó. Orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ló ti buwọ́ lùwé.

Kí ìrì tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, igi ti wó. Ọmọ òwìwí mẹ́ta ni wọ́n bá nínú ihò rẹ̀, ìyẹ́ wọn rí bí òwú, wọn ò mí mọ́.

"Òjò ló rọ̀, bàbá," ni Ìyá Igbó fi dá ìbéèrè bàbá lóhùn.

"Ó máa ń pa èmi náà."

 Bàbá jókòó sórí ìtì igi náà, ó ṣí àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kó tó di ọdún kejì, bàbá ti kú, a ò sì gbúròó òwìwí mọ́. Ìyá Igbó ti fẹ̀yìn tì báyìí, síbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í bá a nílé, ìdí kùkùté igi náà ló máa ń wà.

"Mọ́mì, kí lẹ ń wò níbẹ̀ gan-an?" ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í. "Kùkùté ò kúkú ní fò."

"Mo jẹ igi náà ní gbèsè ìrọ̀lẹ́ kan."

Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó lọ. Ó ti jókòó níbẹ̀ ju igba ìrọ̀lẹ́ lọ, kò sì tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò náà.