Àgọ́ Tó Kọjú sí Omi

Télọ̀ kan wà ní ọ̀kánkán ilé mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Kánópì ayẹyẹ ló máa ń rán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dín lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kánópì òkè òkun ti kún ọjà Bẹẹrẹ. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà wá bá a. Ó fẹ́ àgọ́ méjìlá, torí ó fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sùn létí omi nígbà ìsinmi. Bàbá télọ̀ náà rán ẹyọ kan kí tíṣà fi wò.

“Ó dáa lójú,” tíṣà ní. “Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sùn nínú rẹ̀ wò. Bí omi bá kàn mí, Àlájì, ẹ má bínú, mi ò ní kó ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀.”

“Mo ń bá yín lọ,” bàbá dáhùn.

Oníròyìn ni mí. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Létí odò Ẹlẹ́yẹlé, bàbá gbá èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀, ó sì kọ ẹnu rẹ̀ sí omi. Apẹja kan tó ń wa ọkọ̀ kọjá pariwo: “Bàbá, ibẹ̀ latẹ́gùn ń gbà wọlé o! Ẹ yí i padà!”

“Ìsọ̀ wo ló ń kẹ̀yìn sí oníbàárà?” bàbá fèsì. “Ní Bẹ́yẹrúnkà, ibi tí èrò wà lẹnu ilé ń kọ sí. Lónìí, omi lèrò.”

“Ará ìgboro! Ẹ ó rí i.”

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Aláàsárì tán ni òjò dé láti orí omi. Ó gba ẹnu àgọ́ wọlé tààrà. Ẹní rin, etí ìró tíṣà rin.

“Àlájì, oníbàárà ti wọlé o!” tíṣà pariwo. “Ẹ bá a nájà!”

Bàbá ò wí àwíjàre kankan. Ohun tí mo ṣì ń yìn ín fún nìyẹn. Ó fa èèkàn yọ nínú òjò, ó pín igun àgọ́ fún wa, a sì gbé e yípo láì tú u. Lẹ́yìn náà ló ní kí tíṣà fi aṣọ ìnujú gbígbẹ nu ojú rírán kọ̀ọ̀kan nínú àgọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aṣọ náà ò rin rárá.

“Rírán yín ò jò,” tíṣà ní.

“Kò jò, àmọ́ omi kàn yín. Ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ lè gbé iṣẹ́ yín fún ẹlòmíràn.”

Tíṣà ń fún omi kúrò létí ìró rẹ̀. “Ta ni kí n gbé e fún? Ta ló lè gbé odindi ilé yípo nínú òjò? Ẹ rán an, Àlájì.”

Ibẹ̀ la sùn mọ́jú, ara wa gbẹ. Láàárọ̀, ojúoró tẹ́ lọ lórí omi bíi pápá, àwọn ẹyẹ funfun sì ń rìn lórí rẹ̀.

Àgọ́ méjèèjìlá ti kúrò nísọ̀ báyìí. Bàbá fi òwú pupa rán ọ̀rọ̀ sẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan: KẸ̀YÌN MI SÍ ATẸ́GÙN. Mo sọ fún un pé ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀.

“Apẹja yẹn ló sọ ọ́,” ó ní. “Òwú ni tèmi.”