Ọjọ́ tí Mo Ṣíjú Wo Àwọn Àna Mi

Láti kékeré ni ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Ìyá mi a máa bi mí bóyá orí ìjàlọ ni mo jókòó lé. Nígbà tí sístà òyìnbó kan tó wá láti ilẹ̀ Áílándì fi eré ọ̀pá ìlú rẹ̀ kọ́ àwa ọmọbìnrin ilé ìwé ìjọ ní Ìkàrẹ́, mo rí ohun tí mo wá ṣe láyé. Ọ̀pá la fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré, à ń sáré tẹ̀lé e, ẹni tó bá gbá a wọlé ló jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ mí dé Ìpè àti Àjọwá. Bí mo bá ń lọ sódò, àwọn ọmọdé a máa ké tẹ̀lé mi, inú mi a sì máa dùn. N kò ní purọ́.

Bàbá mi kò bá mi yọ̀. Ó ti fi mí fún ọkọ ní Ọ̀kà, ó ní ọjọ́ tí mo bá délé ọkọ ni eré parí. Kí n wá jókòó tẹtẹrẹ kí wọ́n wá mú mi lọ? Ó tì o.

Láyé ìgbà yẹn, àfẹ́sọ́nà kì í jẹ́ kí àwọn àna rí ojú òun. Tó bá rí wọn lókèèrè, á faṣọ bojú, á sá pamọ́. Èyí tó bá dúró, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Sístà wá kó wa gba ọ̀nà tuntun tí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí wọ́n là, a lọ bá àwọn ọmọ Ọ̀kà ṣeré. Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá ọkọ mi rèé létí pápá! Àwọn ẹgbẹ́ mi ju ìborùn sí mi, mo fi bojú. Bọ́ọ̀lù ń lọ, ara ń yún mi. Ni mo bá rò ó pé, bí ó bá rí àfojúdi mi, yóò kọ̀ mí, n óò sì máa ṣeré mi lọ.

Mo ju ìborùn nù. Mo ká yẹ̀rì dé orúnkún, mo sáré kọjá níwájú rẹ̀, mo gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mo padà, mo tún gbá òmíràn wọlé. Ìyá náà kò bínú. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, bí ẹni tó ń yan ewúrẹ́ lọ́jà.

Lọ́jọ́ kejì, alárinà dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Mo lúgọ sẹ́yìn ògiri, mo ń retí kó ní wọn ò ṣe mọ́.

Ó ní, “Ìyá ọkọ ti rí ẹsẹ̀ ọmọ yín. Òkè Ọ̀kà ga, iṣu sì pọ̀ lóko. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wa máa bọ̀ kí a tó wa iṣu.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń mú mi lọ, àwọn ẹgbẹ́ mi wà ní pápá. Mo ń gbọ́ ìró ọ̀pá wọn títí a fi jìnnà.