Bí Olówòkéré Ṣe Gba Abẹ́rẹ́ Lójú Omi

Òpùrọ́ ni Olówòkéré, apẹja ará Abereke, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etíkun. Ẹja tó bá pa lónìí, tó bá di ọ̀la, ó ti gùn ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Ṣìkẹ́mi ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, wá fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́ pé kí bàbá òun wá wo erin àti kìnnìún nínú igbó tí ìjọba ibẹ̀ dá sí fún ẹranko, ẹnu bàbá kò dúró mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lé erin, ó ti bú kìnnìún, kò sì tíì kúrò ní Abereke.

Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò, kí yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, sì jẹ́rìí sí i. Iná gáàsì ti ń jó lójú òkun wa láti ìgbà tí Olówòkéré ti wà lọ́mọdé. Owó epo ti kọ́ ilé fún àwọn tí kò mọ ibi tí Abereke wà. Síbẹ̀ Abereke kò ní ilé ìwòsàn: abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, inú kúlà oníyìnyín ni nọ́ọ̀sì ń gbé e sí kó tó fi ọkọ̀ gbé e wá.

Rhoda ni nọ́ọ̀sì náà, ọmọ ìlú Mahintedo. Ó kọ́kọ́ wá láti kọ́ bàbá náà bí yóò ṣe tọ́jú ara rẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kó máa sùn. Kó máa wọ aṣọ alápá gígùn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kó má fo oògùn ibà. Kó má sì fẹsẹ̀ kan omi adágún ibẹ̀, nítorí kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá.

“Omi tí ènìyàn kì í bọ́ sí,” ni Olówòkéré wí, “kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe?”

“Wọ́n ń wò ó ni, bàbá.”

“Ìyà ń jẹ wọ́n.”

Ó gba gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án gangan, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ ju àwọ̀n. Moríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní òun ò rí apẹja tó múra bí ọkọ ìyàwó rí. Ohun tí Olówòkéré kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Ìwọ̀ ẹja ti gún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọlé rí, eyín ara rẹ̀ ló fi fà á yọ. Abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì ni kò fẹ́ rí.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí abẹ́rẹ́ náà fi lè bọ́ sí àkókò ni Rhoda gbé e dé. Bí Olówòkéré ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí afárá pákó, ó gba ẹ̀yìn ilé bọ́ sínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lọ.

“Níbo lẹ ń lọ, bàbá?” ni Rhoda béèrè.

“Mo gbàgbé àwọ̀n mi sójú omi.”

“Àwọ̀n yín rèé lórí okùn, Bàbá Ṣìkẹ́mi,” ni Moríkẹ́ wí láti ojú fèrèsé.

“Òmíràn ni.”

Rhoda gbé kúlà sínú ọkọ̀ Moríkẹ́, ó tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja fi iná sílẹ̀, wọ́n wá dúró sí etí omi láti wòran.

“Bàbá, bí ẹ ò bá gbà á lónìí, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ bàálù.”

“Kí erin máa bọ̀ wá kí mi níbí.”

Apá apẹja le ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí bàbá náà wọ àárín igi ẹ̀gbà tó hù sínú omi, Rhoda dìde, ó na àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ sókè.

Ní Abereke, ẹni tó bá ń rì ló ń na àjẹ̀ sókè. Ẹni tó bá rí i tí kò yí padà, wọn kì í bá a jẹun mọ́. Ẹni tó bá sì nà á lásán, wọ́n lè ní kó má fi ọkọ̀ gba omi Abereke mọ́ láé.

Olówòkéré wẹ̀yìn, ó rí àjẹ̀. Òpùrọ́ ni, ṣùgbọ́n kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó yí padà, ó sáré wakọ̀ bọ̀, ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì.

“Níbo lọkọ̀ ti ń jò?”

“Kò jò, bàbá. Ṣé kí n gún abẹ́rẹ́ yìí àbí kí n máa gbé e padà? Ẹ̀yin lẹ máa sọ.”

Ó wo kúlà. Ó wo etí omi, níbi tí gbogbo ìlú dúró sí.

“Gún un,” ni ó wí, ó sì di ojú. “Ṣùgbọ́n kí o tó gún un, jẹ́ kí n kọ́kọ́—”

“Mo ti ṣe tán.”

“Irọ́.”

“Ẹ wo òwú lápá yín.”

Ó la ojú. Ẹ̀rín gbá a mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ méjèèjì fi ń mì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fágbèmí, olórí àwọn apẹja, pe gbogbo ìlú jọ. “Nọ́ọ̀sì, o na àjẹ̀. Ṣé ò ń rì ni?”

Rhoda wo Olówòkéré. Fágbèmí náà yíjú sí i. “Ìwọ lo sún mọ́ ọn. Kí lo rí?”

Olówòkéré lè sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, yóò sọ ohun tí òun ń sá fún pẹ̀lú.

“Ó ń rì,” ni ó wí. “Omi ti dé ọrùn rẹ̀.”

Moríkẹ́ fi aṣọ bo ẹnu. Fágbèmí wo nọ́ọ̀sì láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ funfun rẹ̀ gbẹ táútáú.

“Ó dáa,” ni Fágbèmí wí. “A dúpẹ́ pé ó yè.”

Olówòkéré lọ sí Kẹ́ńyà, ó rí erin, kò fẹsẹ̀ kan adágún, ibà kò sì mú un. Ṣùgbọ́n ìtàn erin kọ́ ló ń sọ. Ti nọ́ọ̀sì tó gbà lọ́wọ́ ikú ni. Lọ́dọọdún ni omi inú ìtàn náà ń jìn sí i.