Fọ́tò Físà Ọmọ Tí Kò Yéé Rẹ́rìn-ín

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní òpópónà Uwasota ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀: ìyá kan, ìyá ọkọ rẹ̀, àti ọmọkùnrin olóṣù mẹ́jọ tó ń jẹ́ Tóbi. Fọ́tò físà ọmọ náà ni wọ́n bá wá. Bàbá Tóbi ti wà lókè òkun kí wọ́n tó bí i, kò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà rí. Ìdájí ọjọ́ kejì ni ìyá àti ọmọ máa wọkọ̀ lọ sí Èkó láti fi ìwé físà wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè lọ bá a. Fọ́tò méjì tí àwọn ẹlòmíràn yà ni ọ́fíìsì físà ti kọ̀. Ọwọ́ ìyá hàn nínú ọ̀kan. Nínú ìkejì, Tóbi lanu, eyín kan ṣoṣo tó ní sì hàn gbangba.

Òfin fọ́tò físà kò pọ̀: ẹ̀yìn funfun, ojú lílà, ẹnu pípadé, kí ẹlòmíràn má hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó dáadáa gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa dì í mú. Ọgbọ́n tí a ń dá ni pé a ó fi ẹnì kan jókòó sórí àga, a ó da aṣọ funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, a ó wá gbé ọmọ lé e nítan. Lójú kámẹ́rà, ògiri ni. Màmá, ìyá ọkọ, ló wọ abẹ́ aṣọ. Ó ní ìyàwó òun kò ní sùúrù.

Ìṣòro wa ni pé Tóbi kò yéé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Sapele Road ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, ẹ̀rín ọmọ ló fi jẹun. Ó kọ́ mi pé kí ọmọ ti yó, kó má sì tíì máa tòògbé; kí n kúnlẹ̀ kí ojú wa dọ́gba; kí n mi kọ́kọ́rọ́ létí kámẹ́rà. Kò kọ́ mi bí a ṣe ń dá ẹ̀rín dúró. Mo kúnlẹ̀, Tóbi rẹ́rìn-ín. Mo fa ojú ro, ó rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń dà. Ìyá rẹ̀ ní, "Tóbi, no laugh o," ọmọ náà sì pàtẹ́wọ́ fún un. Màmá sín lábẹ́ aṣọ. Tóbi yíjú wo ògiri tó sín, ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò mọ́kànlélógójì, n kò ní ọ̀kan tó ṣeé lò.

Mo bi wọ́n bóyá ìgbà kankan wà tí ọmọ yìí máa ń dákẹ́.

"Àfi tá a bá ń gbàdúrà, Àǹtí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbogbo wa á dijú, òun á kàn máa wò wá bí ọlọ́pàá."

Ohùn Màmá jáde láti abẹ́ aṣọ. "O ò sì tètè sọ. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Lóòótọ́, ẹ̀rín dá. Gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ, n kò rí i, nítorí èmi náà ti dijú. Ẹni tí wọ́n bá fi àdúrà àárọ̀ tọ́, ojú rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dì. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi, mo ń ṣe Àmín. Nígbà tí mo fi máa lajú, Màmá ti parí, Tóbi sì ti padà sẹ́nu ẹ̀rín rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà dijú ni?"

"Mo dijú."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya fọ́tò?"

Màmá ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run dára, ṣùgbọ́n kí n gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo ranjú bí ẹni tó ń ṣọ́ epo lórí iná. Màmá gbàdúrà fún ìrìn àjò, fún awakọ̀, fún ẹni tó máa gba ìwé. Tóbi pa ẹnu dé. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ mi sùn, nítorí èmi nìkan ni àgbàlagbà tó lajú. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìkejì nínú wọn ni ọ́fíìsì físà padà gbà, láìbéèrè ohunkóhun.

Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo ní, "Màmá, ó ti tán."

Aṣọ kò ṣí. Àdúrà ń lọ, ṣùgbọ́n ohùn ti rẹlẹ̀, kò sì jẹ mọ́ físà mọ́. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ yìí má gbàgbé ohùn òun. Pé lọ́jọ́ tó bá padà wá, tó bá ń fi imú sọ èdè òyìnbó, kó ṣì mọ ẹni tó ń fi Yorùbá pè é. Kí ẹ̀mí òun sì gùn dé ọjọ́ náà.

Ìyá Tóbi nawọ́ láti ṣí aṣọ náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Oníbàárà mìíràn kan ilẹ̀kùn, obìnrin kan tó pọn ọmọ. Mo ní kó ní sùúrù díẹ̀, pé màmá àgbà kan ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ó yọjú wọlé. Kò rí màmá àgbà kankan. Aṣọ funfun ló rí lórí àga, tó ń mì, tó ń ṣe Àmín. Ó wò mí, ó wo aṣọ náà, ó sì dijú.